Kí ló yẹ ká fi tú aṣọ tí a ti rán: abẹ, sísọ́ọ̀sì, àbí découd-vite?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè fún àwọn yòókù, kí ẹ sì máa dúró níbi tí ẹ bá fẹ́ jíròrò.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dé lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ó ń náni lówó, ó sì ń ṣeni léṣe. Tí ojú ìrán bá wọ́, tàbí tí aṣọ bá fún jù, tí a wá fẹ́ tú u, kí ló yẹ ká mú lọ́wọ́? Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Àwọn kan á mú sísọ́ọ̀sì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àlùmọ́gàjí. Àwọn mìíràn á fi eyín já a. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ká mọ èyí tó bá aṣọ mu, èyí tó bá ọwọ́ mu, àti èyí tó yẹ ká pa tì.

Títú aṣọ kì í ṣe ìtìjú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí aránṣọ tí kì í tú. Ọmọ iṣẹ́ ń tú, ọ̀gá náà ń tú. Ẹni tí kò bá fẹ́ tú ló máa ń kó aṣọ tó wọ́ fún oníbàárà, tí oníbàárà ò sì ní padà wá mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín aránṣọ méjì ni pé ọ̀kan mọ bá a ṣe ń tú láìfi àpá sílẹ̀, èkejì ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ọjà Assigamé, ọjà ńlá tó wà ní àárín Lomé níbí. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti fi aṣọ wax là, tí òkìkí wọn kàn káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tà á. Pagne kan jẹ́ yáàdì méjì. Pagne mẹ́ta jẹ́ yáàdì mẹ́fà, òun ni demi-pièce. Oníbàárà kì í sábà kó aṣọ tó máa ṣẹ́kù wá fún aránṣọ, ìwọ̀n tó máa tó ló ń kó wá. Tí abẹ bá wá ya ojú kan sí iwájú bùbá, ibo la ti máa rí àfikún? Ìyẹn tí irú àwòrán ara aṣọ náà bá ṣì wà lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní aṣọ tí oníbàárà kó wá jẹ́ 15,000 fáráǹkì, ká sì ní owó iṣẹ́ yín lórí rẹ̀ jẹ́ 5,000. Tí aṣọ náà bá ya, tí ẹ ní láti ra òmíràn dípò rẹ̀, owó iṣẹ́ aṣọ mẹ́ta ló lọ yẹn. A ò tíì ka òwú, a ò tíì ka ọjọ́ tí ẹ máa fi tún un rán, a ò sì tíì ka orúkọ tó bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ torí ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fẹ́ fi yára.

Bákan náà ni fún àwọn tó ń ra abloni ní ọjà Hédzranawoé, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń sọ kaba àgbà di aṣọ ọmọdé, tí wọ́n ń fún ṣòkòtò tó fẹ̀ kí wọ́n tó tún un tà. Inú ojú ìrán ni èrè wọn wà. Tí wọ́n bá tú u dáadáa, aṣọ náà á dà bí tuntun. Tí wọ́n bá tú u nítùúkutùú, ó di àkísà.

Bí ìrán ṣe rí nínú aṣọ

Ká tó yan ohun tí a máa fi tú u, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ tú. Ìrán mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti máṣínnì tí gbogbo wa mọ̀, yálà onítẹsẹ̀ tàbí oníná. Òwú méjì ló ń lò. Ọ̀kan ń bọ̀ láti òkè, láti ojú abẹ́rẹ́. Èkejì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, láti inú bọ́bìn. Méjèèjì á pàdé láàárín aṣọ, wọ́n á kọ́ ara wọn lọ́rùn. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún ni wọ́n ti kọ́ra. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá kàn di òwú kan mú tí ẹ fà á, kò ní wá. Á máa le sí i ni. Tí ẹ bá wá fi agbára fà á, aṣọ ló máa kọ́kọ́ ya. Àmọ́ tí ẹ bá gé òwú ẹ̀gbẹ́ kan ní àlàfo àlàfo, òwú ẹ̀gbẹ́ kejì ò ní ohun tó máa dì mú mọ́. Á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìkejì ni ìrán tó dà bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin ará abúlé mọ̀ ọ́n ju aránṣọ lọ. Òun ló wà lẹ́nu àpò ìrẹsì àti àpò oúnjẹ adìyẹ. Ẹ ti rí i pé tí èèyàn bá mọ ibi tó yẹ kó gé, tó sì fà á, ẹnu àpò á ṣí fàà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá sì mọ ibẹ̀, á fi ọ̀bẹ jà títí àpò á fi ya. Ibi tí ìrán parí sí ni a ti ń tú u, kì í ṣe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kan náà ló máa ń wà ní ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣòkòtò jíìnsì, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó nawọ́ sí ohun mímú.

Ìkẹta ni ti ẹ̀rọ tó ń wé etí aṣọ kó má baà tú. Òwú mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń lò. Tí ẹ bá wo ibẹ̀, ẹ máa rí òwú tó ń lọ́ kiri etí aṣọ, ẹ ó sì rí ọ̀kan tàbí méjì tó ń lọ tààrà. Èyí tó ń lọ tààrà yẹn ló di gbogbo rẹ̀ mú. Ẹ gé e ní àlàfo àlàfo, ẹ fà á jáde, ìyókù á sì tú fúnra rẹ̀.

Abẹ

Abẹ mú, ó sì rọrùn láti rí. Kò sí abúlé tí wọn ò ti ń tà á. Ìdí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, a ò sì bú wọn. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ojú méjèèjì ló mú. Bí ojú kan ṣe dojú kọ òwú, bẹ́ẹ̀ ni èkejì dojú kọ ìka yín. Kò ní ọwọ́ tí a lè dì mú. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òwú àti aṣọ. Ẹni tó ń fi abẹ tú aṣọ ní láti fa aṣọ náà sí ọ̀tún àti òsì kó lè le, á wá máa gé àárín. Tó bá ṣèèṣì yọ̀, aṣọ ló máa lọ tàbí ìka.

Ọ̀gá tó ti mọwọ́ rẹ̀ lè lò ó láìsí wàhálà. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wo ọ̀gá yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, torí ohun tó rí ló máa ṣe. Ewu mìíràn tún wà. Àwọn kan máa ń dá abẹ sí méjì kí wọ́n lè lo ìdajì. Ìdajì tó kù ńkọ́? Ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ inú ègé aṣọ. Ọmọ tó ń rá kiri nínú ṣọ́ọ̀bù ló máa kọ́kọ́ rí i.

Sísọ́ọ̀sì

Sísọ́ọ̀sì ńlá tí a fi ń gé aṣọ kì í ṣe ti títú. Ẹnu rẹ̀ tóbi ju ìrán lọ. Sísọ́ọ̀sì kékeré tó ní ẹnu ṣóńṣó ló dára fún iṣẹ́ yìí, irú èyí tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sára aṣọ ń lò. Ẹ lè fi ṣóńṣó rẹ̀ gbé òwú kan ṣoṣo sókè, kí ẹ wò ó bóyá òwú ìrán ni tàbí òwú aṣọ, kí ẹ tó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò ya kíákíá, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ń pinnu ohun tó máa gé. Fún lẹ́ẹ̀sì àti aṣọ òkè, kò sí ohun tó dára jù ú lọ.

Découd-vite

Èyí gan-an ni wọ́n dìídì ṣe fún títú aṣọ. Orúkọ Faransé rẹ̀ ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn aránṣọ wa: découd-vite, ìyẹn ni pé tú u kíákíá. Ẹ bi àwọn tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lọ́jà, wọ́n á mú un fún yín. Ó kéré bí ìka. Ó ní ọwọ́ tí a fi rọ́bà líle ṣe, orí rẹ̀ sì pín sí ẹnu méjì. Ẹnu kan gùn, ó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ẹnu kejì kúrú, ó sì máa ń ní ìlẹ̀kẹ̀ kékeré pupa lórí. Ní ìhà ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé ni ojú tó mú wà. Ibẹ̀ nìkan ló ń gé. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu kúkúrú gún aṣọ tó wà lábẹ́.

Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Òwú dúdú lórí aṣọ dúdú, ẹ fi sílẹ̀ di ojúmọ́ ọjọ́ kejì. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ má gbé e lé itan. Ẹ fi ẹnu gígùn bọ abẹ́ òwú, ẹ tì í díẹ̀ síwájú títí òwú á fi kan ojú tó mú, á sì já. Ẹ ka ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí abẹ́rẹ́ gún, ẹ tún gé ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìparí. Ẹ wá yí aṣọ náà sí ẹ̀yìn, ẹ di òwú ẹ̀yìn mú, ẹ fà á. Á jáde ní gígùn. Ẹ ṣa àwọn òwú kéékèèké tó kù sí ojú àkọ́kọ́, ó tán. Ẹ máa tì í lọ síwájú, kó má dojú kọ ọwọ́ tó di aṣọ mú.

Ọ̀pọ̀ aránṣọ tún ń fi í la ihò bọ́tìnnì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ gún píìnì sí ìparí ihò náà. Tí découd-vite bá yára jù, píìnì á dá a dúró kó má baà gé ìrán ìparí.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ojú rẹ̀ á kú. Tí ẹ bá rí i pé ó ti ń fa òwú dípò kó gé e, ẹ ra òmíràn. Èyí tó ti kú ló ń ya aṣọ, torí ó ń mú kí a fi agbára tì í. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ sì ra èyí tó ní ìdérí, torí ẹnu gígùn yẹn lè gún èèyàn nínú báàgì.

Aṣọ wo, ohun èlò wo?

Wax àti àǹkárá: découd-vite. Òwú ni wọ́n fi hun ún, ó sì gba ìyà. Tí ẹ bá tú u tán, ẹ fi omi díẹ̀ tutù ú, ẹ fi èékánná ra ibi ihò abẹ́rẹ́, ẹ lọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú ihò náà á pa dé.

Bazin: découd-vite tí ojú rẹ̀ ṣì mú. Aṣọ yìí le, ó sì ń dán, àpá abẹ́rẹ́ máa ń hàn lára rẹ̀. Ẹ má tú ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó rán an pa, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ fà á pọ̀ pẹ̀lú òwú gbọọrọ tó rọrùn láti yọ, kí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò.

Lẹ́ẹ̀sì: sísọ́ọ̀sì kékeré, láti ẹ̀yìn aṣọ. Òwú lẹ́ẹ̀sì àti òwú ìrán máa ń jọra. Ẹni tó bá gé ti lẹ́ẹ̀sì ti la ihò tí kò ní pa dé.

Aṣọ òkè: sísọ́ọ̀sì kékeré pẹ̀lú sùúrù. Etí ìlà aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ lẹ fẹ́ tú. Tí ẹ bá gé òwú etí tí ahunṣọ hun, ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí tú.

Aṣọ tó ń fà, bíi síńgílẹ́ẹ̀tì àti aṣọ eré bọ́ọ̀lù: sísọ́ọ̀sì kékeré tàbí découd-vite, àmọ́ ẹ má fà á. Tí òwú kan bá já lára aṣọ náà, ó lè máa tú lọ bí àkàbà.

Awọ àti báàgì rọ́bà: ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó tú u. Ihò tí abẹ́rẹ́ ti lu sára awọ ti lu títí ayé. Tí ẹ bá máa tún un rán, ihò àtijọ́ náà ni kí ẹ gbà.

Ìlera ọwọ́ tó ń tú aṣọ

Tí abẹ bá gé yín, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ mú aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ẹ má da epo bẹntiróò sí i, ẹ má bu iyẹ̀pẹ̀ tàbí eérú sí i. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, tí ojú ọgbẹ́ bá jìn, tàbí tí ìka ò bá ṣeé tẹ̀ mọ́, ẹ lọ sí dispensaire lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan gbà pé tí abẹ ò bá ti dípàtà, kò sí tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé nínú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ohun tó bá ti kan ilẹ̀ lè gbé e wọ inú ọgbẹ́, ì báà máa dán yanran. Àjẹsára ló ń dáàbò bò wá. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá tiyín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì lo abẹ kan náà fún aṣọ àti fún ara. Abẹ tí ọmọ iṣẹ́ fi tú aṣọ láàárọ̀, ẹnì kan á mú un gé èékánná lọ́sàn-án, ẹlòmíràn á fi fá irun lálẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ abẹ lè gbé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Kòkòrò yìí lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Abẹ tí a ń pín lò tún jẹ́ ọ̀nà kan tí kòkòrò SIDA lè gbà. Tí ẹ bá ti lo abẹ tán, ẹ sọ ọ́ sínú agolo tó ní ìdérí, kí ọwọ́ ọmọdé má lè dé ibẹ̀.

Eyín ńkọ́? Òwú tí a ń fi eyín já lójoojúmọ́ máa ń jẹ etí eyín díẹ̀díẹ̀. Píìnì tí a há sẹ́nu nígbà tí a ń tú aṣọ, tí ikọ́ bá mú wa lójijì, ọ̀nà ọ̀fun ló máa gbà.

Ìrán tó wà lára èèyàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí wọ́n rán ọgbẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n padà sílé, wọ́n rò ó pé owó ọkọ̀ pọ̀, pé òwú lòwú ń jẹ́. Wọ́n wá ní kí aránṣọ àdúgbò bá wọn yọ ọ́. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ má gbà. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má bẹ̀ wọ́n.

Òwú ìta ọgbẹ́ ti gba eruku àti òógùn. Nọ́ọ̀sì mọ bí òun ṣe ń gé e mọ́ ara gan-an, kí apá tó dọ̀tí má baà gba inú ẹran ara kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ á fa gbogbo rẹ̀ wọlé, á sì fa ìdọ̀tí wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òwú kan wà tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ nínú ara, tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́.

Ọjọ́ yíyọ náà sì yàtọ̀. Ti ojú máa ń tó yọ láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ti orí máa ń tó ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ti ẹsẹ̀ lè tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ẹni tó rán an ló máa sọ ọjọ́ gan-an. Tí a bá yọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé, ọgbẹ́ lè là. Tó bá pẹ́ jù, àpá á pọ̀ sí i. Tí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n, tó gbóná, tó wú, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ lọ kíákíá.

Èwo la máa wá yàn?

Tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, découd-vite tó mú, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdérí, ni mo máa fi sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré kan kún un fún lẹ́ẹ̀sì àti aṣọ òkè. Iṣẹ́ méjèèjì á parí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí abẹ kúrò lórí tábìlì ìránṣọ. Ọ̀gá tó bá ra découd-vite fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti dáàbò bo aṣọ oníbàárà, ó ti dáàbò bo ìka ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ti kọ́ ọ ní ohun tó máa bá a dé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́yìn tó bá gba òmìnira.

Fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́ yín: Ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò yín, kí ni wọ́n fi ń tú aṣọ? Níbo ni wọ́n ń sọ abẹ tó ti kú sí? Ta ló máa san owó aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ bá ya, ṣé ọ̀gá ni àbí òbí ọmọ, ṣé ẹ sì ti sọ ọ́ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ta ló wà nínú ẹgbẹ́ yín tó mọ bí a ṣe ń ṣí ẹnu àpò ìrẹsì láìya á? Kó fi han àwọn yòókù, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdajì ohun tí a sọ lónìí.